Ẹni tó ní kò sí ọ̀wọ̀ nílé oúnjẹ Guangzhou kò wo ọwọ́ wọn

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ka lẹ́tà tí oníṣòwò kan kọ sí yín, ẹni tó lọ síbi ìpàtẹ ọjà ńlá tí wọ́n ń ṣe ní ìlú Guangzhou ní China, tó sì fi ìdajì lẹ́tà rẹ̀ bú ilé oúnjẹ wọn. Ó ní agbáwo gbé agbọ̀n oúnjẹ kalẹ̀ gbàgà níwájú òun, kò kí òun, kò tiẹ̀ wo ojú òun. Ó ní ariwo ibẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ ya òun létí. Ó ní àwọn tó wà ní tábìlì kejì ń fi tíì fọ abọ́ àti ife kí wọ́n tó jẹun, èyí tó fi yé òun pé ilé oúnjẹ náà dọ̀tí débi pé àwọn ọmọ onílùú gan-an ò fọkàn tán an. Ọ̀rọ̀ tó wá fi kádìí rẹ̀ ni pé àwọn èèyàn náà ò mọ ọ̀wọ̀ àgbà.

Èyí tó kẹ́yìn yẹn ló jẹ́ kí n wá bíróò. Oúnjẹ ni mo tà kí n tó fẹ̀yìn tì, mo sì mọ ohun tí ojú agbáwo ń rí. Yàtọ̀ sí ìyẹn, Kẹ́hìndé ọmọ mi ń gbé ní Guangzhou, ọmọ ìlú náà ló sì fi ṣaya. Bí mo bá lọ kí wọn, àwọn àna mi kì í jẹ́ kí ọjọ́ Àìkú lọ lásán. Bó bá ti mọ́, gbogbo ilé á wọ bàtà, àti arúgbó àti ọmọ ọwọ́, ó di ilé tíì. Mo ti jókòó sí tábìlì wọn, mo sì fi ojú olóúnjẹ wo ohun tí wọ́n ń ṣe.

Kí n kọ́kọ́ sọ irú ibi tó jẹ́, kí ẹni tí kò débẹ̀ rí lè bá mi lọ. Àwọn ará Guangzhou àti Hong Kong ń pè é ní yum cha, pé kí á lọ mu tíì. Tíì la ń mu lóòótọ́, ṣùgbọ́n oúnjẹ ló máa ń bo tábìlì: agbọ̀n ọparun kéékèèké tí wọ́n tò léra wọn, tí ooru ń jáde lára wọn, ohun mẹ́ta tàbí mẹ́rin nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kò sẹ́ni tó ń jẹ agbọ̀n kan dá. Àárín tábìlì ni gbogbo rẹ̀ ń wà, lórí àtẹ róbótó kan tó ń yí, kálukú á sì mú ẹyọ kan bó bá yí dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Wọn ò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ o. Taotaoju ti wà ní Guangzhou láti 1880, wọ́n dá Guangzhou Restaurant sílẹ̀ ní 1935, Panxi tó wà lẹ́bàá adágún ní àdúgbò Liwan sì bẹ̀rẹ̀ ní 1947. Ilé oúnjẹ tó rí ogun, tó rí ìjọba tó lọ àti èyí tó dé, tí èrò ṣì ń tò sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ láàárọ̀, kò lè jẹ́ ibi tí wọn ò ti mọ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú èèyàn.

Ó ya, ẹ jẹ́ ká mú ọ̀rọ̀ abọ́ fífọ̀. Ní ilé oúnjẹ mìíràn níbẹ̀, inú ọ̀rá ni abọ́, ife àti ṣíbí máa ń wà, tí wọ́n ti fọ̀ ọ́ láti iléeṣẹ́, tí wọ́n sì lẹ ẹ́ pa. Àwọn oníbàárà á já ọ̀rá náà tán, wọ́n á tún fi tíì ṣàn án. Ilé oúnjẹ fúnra rẹ̀ ló ń gbé abọ́ ńlá kan kalẹ̀ tí wọn yóò máa da omi tí wọ́n fi ṣan abọ́ náà sí. Ẹni tó rò pé ilé oúnjẹ ń bú ara rẹ̀ níwájú oníbàárà, kó tún un rò. Àṣà ni. Tíì àkọ́kọ́ tó bá jáde kì í ṣe mímu, abọ́ ni wọ́n ń fi ṣàn.

Ohun tí mo fẹ́ kí arákùnrin wa mọ̀ ni ẹni tó ń ṣe é. Kì í ṣe àgbà. Ọmọ ọmọ mi obìnrin, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tíì kanlẹ̀ tó bá jókòó sórí àga, ló ń ṣan tèmi. Á kó ife mi sínú abọ́ mi, á dá ife náà dùbúlẹ̀, ìyá rẹ̀ á sì máa rọ tíì gbígbóná lé e lórí díẹ̀díẹ̀. Ọmọ náà á wá fi orí igi ìjẹun méjèèjì yí ife náà po lábẹ́ omi, títí gbogbo ẹnu rẹ̀ yóò fi tutù, láìjẹ́ pé ìka rẹ̀ kan omi. Lẹ́yìn náà, á na igi ìjẹun náà sábẹ́ tíì, á da omi sí abọ́ ńlá, á sì fi ọwọ́ méjèèjì gbé gbogbo rẹ̀ síwájú mi. Ti bàbá ìyá rẹ̀ ló kàn, lẹ́yìn náà ti ìyá ìyá rẹ̀. Tirẹ̀ ló ń ṣe kẹ́yìn. Bí èyí kì í bá ṣe ọ̀wọ̀, kí ni?

Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀wọ̀ wà nínú bí wọ́n ṣe ń da tíì. Ẹni tó bá gbé ìkòkò tíì kò gbọ́dọ̀ dà á fún ara rẹ̀ kó tó dà á fún àwọn tó kù, àgbà ló sì ń fi bẹ̀rẹ̀. Arákùnrin yìí ní òun ò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni dúpẹ́. Kò lè gbọ́ ọ, ìka ni wọ́n fi ń dúpẹ́. Bí wọ́n bá ń da tíì sí ife rẹ lọ́wọ́, wàá fi orí ìka méjì kan tábìlì kó-kó-kó, ọ̀rọ̀ tó ò ń sọ lẹ́nu kò sì ní já. Ìtàn tí bàbá ìyàwó ọmọ mi sọ fún mi nípa rẹ̀, tí gbogbo ìlú mọ̀, ni pé Qianlong, ọba China tó jọba láti 1735 sí 1796, máa ń múra bí mẹ̀kúnnù kó lè rin ìlú. Lọ́jọ́ kan ní ilé tíì, ọba bu tíì fún ẹmẹ̀wà rẹ̀. Ìyẹn ò lè dọ̀bálẹ̀, kí àṣírí má bàa tú, ló bá ká ìka rẹ̀, ó fi kúnlẹ̀ lórí tábìlì. Bóyá ó ṣẹlẹ̀ tàbí kò ṣẹlẹ̀, èmi ò sí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìka tó ń kúnlẹ̀ ni wọ́n fi ń dúpẹ́ títí dòní, ẹni tó bá ń retí pé kí wọ́n pariwo ẹ ṣeun kò ní rí nǹkan kan.

Ọmọrí ìkòkò tíì náà ní iṣẹ́ tirẹ̀. Bí omi bá tán, wọ́n á gbé ọmọrí náà kọ́ ẹnu ìkòkò ní ẹ̀gbẹ́ kan, agbáwo tó bá ń kọjá á rí i, á sì bu omi gbígbóná kún un láìbéèrè. Wọn ò ní í pè é, kò sì ní í bi wọ́n. Àwa tí a ti ta oúnjẹ mọ irú ìsinmi tí ìyẹn jẹ́ fún etí.

Wàyí o, agbáwo tó gbé agbọ̀n kalẹ̀ gbàgà. Mo ń gbèjà rẹ̀ o, mi ò ní bẹ̀bẹ̀. Ẹ wo nǹkan kan tí wọ́n ń pè ní har gow. Edé ni, wọ́n fi awọ tẹ́ẹ́rẹ́ wé e. Awọ náà kì í ṣe ìyẹ̀fun lásán: sítáàṣì àlìkámà ni, èyí tí wọ́n ti fọ ohun tó ń jẹ́ kí ìyẹ̀fun máa fà kúrò nínú rẹ̀. Omi tó ń hó ni wọ́n fi ń pò ó, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ pẹlẹbẹ, wọ́n á sì ṣẹ́ ẹ po wínníwínní ní etí kan ṣoṣo, títí yóò fi tẹ̀ bí oṣù tuntun. Iye ìṣẹ́po ibẹ̀ ni wọ́n fi ń mọ alásè tó mọ iṣẹ́. Bó bá jáde látinú ooru, ẹ ó máa rí pupa edé náà látinú awọ, awọ ò ní já tí ẹ bá gbé e, ó sì ń yọ̀ lẹ́nu. Ẹ jẹ́ kó tutù díẹ̀ péré: awọ náà á le, á lẹ̀ mọ́ ìdí agbọ̀n, ẹ fà á, ó fàya, edé já bọ́. Agbáwo tó bá dúró tẹríba, tó bi yín bóyá ẹ sùn dáadáa, tó rọra ń gbé agbọ̀n kalẹ̀, ó ti ba iṣẹ́ alásè jẹ́. Èyí tó sáré, tó gbé e kalẹ̀ gbàgà, tó yí padà, ó fún yín ní oúnjẹ náà bó ṣe yẹ kó rí. Ká tún rántí pé ọjọ́ Àìkú ni, àwọn ìdílé tó gba nọ́ńbà ń dúró lẹ́nu ọ̀nà, iye tábìlì tó wà lọ́wọ́ agbáwo kan ṣoṣo kò sì kéré. Èmi ì bá gbà á síṣẹ́ lójú ẹsẹ̀.

Ti ariwo, mo gbà, ariwo wà. Tábìlì róbótó tó gba èèyàn mẹ́wàá, méjìlá, ọmọdé ń sunkún, ẹni kan ń sọ ọ̀rọ̀ ilé tí wọ́n fẹ́ rà. Ó ti tán.

Ọ̀rọ̀ àgbà ni mo fẹ́ dúró lé díẹ̀. Oúnjẹ wọn ṣe é pín láàárín ẹni tó ní eyín àti ẹni tí kò ní. Bàbá àgbà tó bí bàbá ìyàwó ọmọ mi ṣì wà láyé, eyín wọn kò sì tó ohun tí wọ́n lè fi jẹ ẹran. Ìrẹsì tí wọ́n sè títí tó fi yọ́ bí ògì ni wọ́n ń jẹ, pẹ̀lú ẹja tí wọ́n gé tẹ́ẹ́rẹ́ sínú rẹ̀, àti cheung fun, ìyẹ̀fun ìrẹsì tí wọ́n fi ooru sè tó ń yọ̀ wọ ọ̀fun fúnra rẹ̀. Ẹsẹ̀ adìẹ tí arákùnrin wa fi ṣẹ̀sín náà, oúnjẹ àgbà ni. Wọ́n á dín in, wọ́n á kó o sínú omi tútù kí awọ rẹ̀ lè wú, lẹ́yìn náà ni wọ́n á fi ooru sè é pẹ̀lú ẹ̀wà dúdú oníyọ̀, títí awọ yóò fi máa bọ́ kúrò lára egungun láìjẹ́ pé ẹ fi eyín kàn án. Iṣẹ́ ńlá fún ohun kékeré. Bàbá àgbà á mú un sẹ́nu, ẹ ò ní rí kí wọ́n jẹ ẹ́, ẹ ó kàn rí i pé egungun ń jáde ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ní alẹ́, bí ìdílé bá tún jáde, ọbẹ̀ olómi ló ń ṣáájú, èyí tí iná kékeré ti sè fún wákàtí mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹja odindi ló wá ń gba ojú. Ooru ni wọ́n fi ń sè é, kì í pẹ́ rárá, wọ́n á da atalẹ̀ àti àlùbọ́sà eléwé tí wọ́n gé bí òwú lé e lórí, wọ́n á yọ́ òróró gbígbóná sí i kó dún ṣàà, wọ́n á sì fi sọ́ọ̀sì sóyà yí i ká. Bí agbáwo bá gbé e dé, orí ẹja gbọ́dọ̀ kọjú sí ẹni tó dàgbà jù tàbí àlejò tí wọ́n ń bọlá fún. Lálẹ́ ọjọ́ kan, wọ́n gbé ẹja wá, orí rẹ̀ kọjú sí Kẹ́hìndé. Ìyá ìyàwó rẹ̀ ò sọ̀rọ̀. Wọ́n na ìka kan, wọ́n rọra yí àtẹ náà títí orí ẹja fi dúró níwájú mi, wọ́n wá mú igi ìjẹun tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún bíbu oúnjẹ fún ẹlòmíràn, wọ́n yọ ẹran kékeré tó wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹja náà, wọ́n gbé e sínú abọ́ mi. Èdè wa ò yé ara wa, èmi àti ìyá yìí. Mo fi ìka kan tábìlì.

Bí wọ́n bá jẹ ẹ̀gbẹ́ kan ẹja náà tán, wọn ò ní dojú rẹ̀ délẹ̀ o. Egungun àárín ni wọ́n ń yọ, kí wọ́n lè débi ti ìsàlẹ̀. Àwọn apẹja etí òkun wọn ló ní ẹni tó bá dojú ẹja dé, ọkọ̀ ojú omi ló ń dà nù. Wọn kì í sì í fi igi ìjẹun gún ìrẹsì kó dúró ṣánṣán, torí báyẹn ni wọ́n ṣe ń tẹ tùràrí síwájú òkú. Bí arákùnrin wa bá ti ṣe é, tí àwọn tó wà nítòsí sì yí ojú kúrò, ẹ jẹ́ kó mọ̀ pé ìyẹn náà lè jẹ́ ìdí.

Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni má bá wọn wí. Èmi náà ní ẹjọ́ tí mo fẹ́ rò, ó sì lágbára ju ti ariwo lọ.

Àkọ́kọ́ ni ẹlẹ́dẹ̀. Kò sí ibi tí kì í sí. Ẹni tó bá ń sá fún ẹran ẹlẹ́dẹ̀ lè yẹra fún char siu bao, búrẹ́dì rírọ̀ tí wọ́n fi ẹran ẹlẹ́dẹ̀ sínú rẹ̀, àti siu mai, ẹran ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n fi awọ tẹ́ẹ́rẹ́ wé, nítorí wọ́n hàn. Ṣùgbọ́n har gow tí mo ń yìn lókè yìí, tí gbogbo ayé mọ̀ sí edé, wọ́n sábà máa ń gé ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ díẹ̀ mọ́ edé náà kó lè rọ̀. Lo bak go, oúnjẹ pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ráádíìṣì funfun ṣe, tó dà bí ohun tí ọmọdé lè jẹ, ẹran ẹlẹ́dẹ̀ gbígbẹ ń wà nínú rẹ̀. Èèpo dan tat, páì ẹyin tó dùn yẹn, lè jẹ́ ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n fi ṣe é. Ọkọ ọmọ mi obìnrin, Alhaji, wá kí wa, a jókòó, ọkùnrin náà sì mu tíì, ó jẹ ọsàn tí wọ́n fi pa oúnjẹ dà. Kò sí ẹni tó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é sí i, ṣùgbọ́n kò sí àmì kankan nínú ìwé oúnjẹ tó lè ràn án lọ́wọ́. Ilé oúnjẹ tó mọ̀ pé lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún ni ayé ń rọ́ wá sí Guangzhou fún ìpàtẹ yẹ kó kọ ọ́ síbẹ̀. Kí Mùsùlùmí tó bá ń lọ má da ara rẹ̀ láàmú: kó lọ sí àdúgbò Xiaobei, ilé oúnjẹ halal wà níbẹ̀. Mọ́ṣáláṣí Huaisheng náà wà nínú ìlú, ó sì wà lára èyí tó pẹ́ jù ní gbogbo China.

Ìkejì ni fóònù. Tẹ́lẹ̀, ìwé kan ni wọ́n ń fún ìdílé pẹ̀lú pẹ́ńsù, ẹ ó fi pẹ́ńsù fa ilà síwájú ohun tí ẹ fẹ́, ó parí. Bàbá ìyàwó ọmọ mi mọ ìwé náà lórí, ojú wọn ò tiẹ̀ ní kúrò lára ìwé ìròyìn wọn. Ní báyìí, ọ̀pọ̀ ilé oúnjẹ ti lẹ àmì QR mọ́ tábìlì, fóònù lẹ gbọ́dọ̀ fi yà á kí oúnjẹ tó lè hàn. Mo rí bàbá tó ti ń mu tíì láàárọ̀ kí wọ́n tó bí Kẹ́hìndé, tí wọ́n wá ń bẹ ọmọ ọmọ wọn pé kó bá àwọn wá ẹsẹ̀ adìẹ lórí fóònù. Ọmọ náà wá ẹsẹ̀ adìẹ tán, ó wá lau sa bao mẹ́ta, búrẹ́dì rírọ̀ tí ẹyin dídùn ń ṣàn nínú rẹ̀, fún ara rẹ̀. Bí a bá ń wá àrífín sí àgbà nílé oúnjẹ Guangzhou, ibẹ̀ ni kí á tọ́ka sí, kì í ṣe ara agbáwo.

Ìkẹta kì í ṣe ẹjọ́, ìkìlọ̀ ni. Ẹ má ṣe bá wọn du owó oúnjẹ. Àfi bí ẹ bá lágbára. Kẹ́hìndé ní òun fẹ́ lọ tọ̀. Bàbá ìyàwó rẹ̀ bojú wò ó, wọ́n gbé ife sílẹ̀, wọ́n tẹ̀ lé e. Nígbà tí mo fi máa gbójú sókè, àwọn méjèèjì ti wà níwájú ibi tí wọ́n ti ń sanwó, kálukú na fóònù rẹ̀ síwájú, ọwọ́ kejì ni wọ́n fi ń ti ara wọn. Ọmọ mi ga jù wọ́n lọ, kò sì lè ti àna rẹ̀ tọkàntọkàn, ẹ̀yin náà mọ̀. Ọmọbìnrin tó wà nídìí owó gba èyí tó sún mọ́ ọn jù, kò tilẹ̀ wo olówó. Ti bàbá ló bọ́ sí i. Wọ́n padà wá jókòó, wọ́n ń mí hẹlẹhẹlẹ, inú wọn dùn bí ẹni jẹ tẹ́tẹ́.

Kí arákùnrin wa bá tún gbìyànjú o. Oṣù kẹrin àti oṣù kẹwàá ni ìpàtẹ yẹn ń wáyé, 1957 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, àwọn tó ń tà á lọ́jà yóò sì pè é lọ jẹun bó bá fún wọn láyè. Kó má dá lọ, nítorí agbọ̀n mẹ́ta ti kún ikùn ẹnì kan, kò sì ní rí ìdajì ohun tó wà níbẹ̀. Bó bá jẹ́ ọjọ́ Àìkú, kó débẹ̀ kí aago mẹ́jọ tó lù, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ á gba nọ́ńbà, á sì dúró. Bí wọ́n bá bi í léèrè irú tíì tó fẹ́, kó ní pu'er bó bá fẹ́ èyí tó lágbára, tàbí òdòdó chrysanthemum bí kò bá fẹ́ kó dí òun lójú oorun. Wọn yóò ka owó díẹ̀ lé orí ẹnìkọ̀ọ̀kan fún tíì náà, kí ìyẹn má bí i nínú. Kó sì ti so káàdì báǹkì rẹ̀ mọ́ Alipay tàbí WeChat, áàpù tí wọ́n fi ń sanwó níbẹ̀, lórí fóònù kó tó kúrò nílé, torí àwọn tó ń fi owó bébà sanwó níbẹ̀ kò pọ̀ mọ́, kì í sì í sí ṣéńjì lọ́wọ́ wọn.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Ìyá Ìbejì, olóúnjẹ tó ti fẹ̀yìn tì